Másítà Ìmọ̀ Ìròyìn àti Ìbánisọ̀rọ̀: Kí Ni Wọ́n Ń Kọ́ Níbẹ̀ Gan-an?

Ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ rédíò tàbí ìwé ìròyìn bọ̀ fún ọdún mélòó kan, tó wá ní òun fẹ́ lọ ṣe másítà, ohun tó sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ń lọ fi kún ohun tí òun ti mọ̀ nídìí iṣẹ́: kí ohùn túbọ̀ já gaara lórí afẹ́fẹ́, kí ìròyìn tó ń kọ dán mọ́rán, kí ó mọ kámẹ́rà lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á gba fọ́ọ̀mù, á san owó iléèwé, á jókòó sí kíláàsì. Kò ní í pẹ́ tí olùkọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ohun tí kò kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn rárá: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ètò yín ń yí èrò àwọn olùgbọ́ padà? Kí lẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dákẹ́. Orí wọn pé dáadáa, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí wọ́n wá kọ́.

Owó tó ń bá ẹ̀kọ́ yìí lọ kì í ṣe kékeré, ọdún tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn náà kò kéré, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa kí a tó dáwọ́ lé e. Másítà Mass Comm, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, ẹ̀kọ́ ìwádìí ni lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n ń kọ́ èèyàn láti béèrè ìbéèrè tó ṣe é dáhùn nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwùjọ, kí ó sì lè fi ẹ̀rí gbe ìdáhùn náà lẹ́sẹ̀. Àmọ́ oríṣi mìíràn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ni. Àwọn méjèèjì sábà máa ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìtàn ló sì fà á.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni èèyàn ti ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Missouri dá iléèwé ìmọ̀ akọ̀ròyìn sílẹ̀ ní 1908, ti Columbia ní New York sì ṣílẹ̀kùn ní 1912 pẹ̀lú owó tí Joseph Pulitzer, oníwèé ìròyìn, fi sílẹ̀. Bí a ṣe ń wá ìròyìn, tí a ń kọ ọ́, tí a ń ṣe olóòtú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé ni nǹkan yí padà. Ìjọba fẹ́ mọ bí ìpolongo ṣe ń wọ ará ìlú lára, ni àwọn onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, àwọn onímọ̀ ìṣèlú àti àwọn tó ń wo bí ọpọlọ ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́ bá kó wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Wilbur Schramm, tó di olórí iléèwé ìmọ̀ akọ̀ròyìn ní Yunifásítì Iowa ní 1943, tó tún lọ dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Illinois lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó kó ìwádìí wọ abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí ti dà bí ọmọ tó ní bàbá méjì nínú ilé: ọ̀kan ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mọṣẹ́, èkejì ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó lè ṣàlàyé.

Nílẹ̀ wa, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ló kọ́kọ́ gbé e, ní 1961. UNILAG tẹ̀ lé e ní 1966. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka tiwọn ń jẹ́ Communication and Language Arts, èdè, kíkà àti kíkọ ni wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ náà lé. Ẹni tó bá ń fọkàn sí Mass Comm, tó wá ń wá orúkọ yẹn kiri UI, kó mọ̀ pé ẹ̀ka yìí ló ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ ìwádìí kan tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ másítà tí kò ní í bá a pàdé. Ní 1968, nígbà tí ìbò ààrẹ ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, Maxwell McCombs àti Donald Shaw wá 100 olùdìbò rí ní ìlú Chapel Hill, àwọn tí kò tíì pinnu ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Wọ́n bi wọ́n pé kí ni ọ̀rọ̀ tó ká wọn lára jù nínú ìlú. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn ìwé ìròyìn àti ìròyìn tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ará ìlú náà ń kà, tí wọ́n ń wò, jọ, wọ́n sì ṣírò ààyè tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí àwọn oníròyìn ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn olùdìbò náà tò ó. Èsì yẹn jáde ní 1972, òun ni wọ́n ń pè ní agenda-setting. Ohun tó ń sọ ni pé oníròyìn lè má lágbára láti pàṣẹ ibi tí ẹ máa fì sí nínú ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ òun ló ń ṣa ọ̀rọ̀ tó máa wà lẹ́nu gbogbo yín láàárọ̀.

Ẹ wá gbé e wálé. Láràárọ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa ń ṣe ètò tí atọ́kùn ti máa ń tú àkòrí ìwé ìròyìn òyìnbó sí Yorùbá. Awakọ̀ ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, ìyá tó ń din àkàrà ń gbọ́ ọ, bàbá tó ń múra iṣẹ́ ń gbọ́ ọ. Atọ́kùn kì í kàn ka àkòrí ká fi í sílẹ̀. Á pa òwe sí i, á bú ẹni tó yẹ ní bíbú, á bi olùgbọ́ léèrè ohun tí wọ́n rí sí i. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè pé: nínú gbogbo àkòrí tó wà lójú ìwé kìíní lọ́jọ́ kan, èwo ni atọ́kùn máa ń mú, èwo ló máa ń fò? Ìbéèrè kékeré nìyẹn, àmọ́ ìbéèrè másítà ni, nítorí ó ṣe é dáhùn.

Bó ṣe máa dáhùn rẹ̀ rèé. Yóò kọ́kọ́ yan ilé iṣẹ́ rédíò bíi mẹ́ta, yóò sì sọ ìdí tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà yóò yan ọjọ́. Tó bá mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tí ọ̀sẹ̀ náà wá bọ́ sí ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń da iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ló máa gba gbogbo ètò, èsì rẹ̀ kò sì ní í tọ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń mú ọjọ́ Ajé láti inú ọ̀sẹ̀ kan, Ìṣẹ́gun láti inú ọ̀sẹ̀ mìíràn, Ọjọ́rú láti inú òmíràn, títí tí wọ́n á fi hun odindi ọ̀sẹ̀ jọ láti inú oṣù mélòó kan. Yóò wá fa ìlà sórí ìwé: àkòrí wo, inú ìwé ìròyìn wo ló ti wá, ọ̀rọ̀ nípa kí ni, ìṣẹ́jú mélòó ni atọ́kùn lò lórí rẹ̀, ṣé ó dá sí i tàbí ó kàn kà á kọjá.

Ibi tí iṣẹ́ ti wá le gan-an nìyí. Ẹni kan kọ́ ló máa gbọ́ àwọn ètò náà. Èèyàn méjì ni yóò gbọ́ ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú á kọ tirẹ̀ sílẹ̀ láì wo ti ẹnì kejì, kí wọ́n tó fi wéra. Ká ní àkòrí kan sọ pé gómìnà kan bínú sí owó epo bẹntiróòlù tó lọ sókè. Ẹni àkọ́kọ́ kọ "ètò ọrọ̀ ajé", ẹnì kejì kọ "ìṣèlú". Kò sí èyí tó ya òmùgọ̀ nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kò tíì sọ ní kedere ohun tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ti ìṣèlú. Yóò padà lọ tún ìtumọ̀ náà kọ, wọ́n á tún un gbọ́, títí tí ohùn àwọn méjèèjì á fi ṣọ̀kan lórí èyí tó pọ̀ jù. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó bá tún gbọ́ kí olóṣèlú kan sọ pé "àwọn oníròyìn kò fẹ́ràn wa", yóò mọ irú ẹ̀rí tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Fún èmi, ẹ̀kọ́ yìí ló níyì jù nínú gbogbo másítà náà.

Kí a sì kíyè sí ohun tí irú iṣẹ́ yẹn kò lè sọ. Ó lè sọ ohun tí atọ́kùn gbé sáfẹ́fẹ́, kò lè sọ pé àwọn olùgbọ́ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn olùgbọ́ fúnra wọn, bóyá ní ọjà Bódìjà tàbí ní gáréèjì, pẹ̀lú ìwé ìbéèrè tàbí kó kó èèyàn bíi mẹ́jọ jókòó kí wọ́n sọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ àbá ìwádìí tí wọ́n máa ń dà padà, orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti ń ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ àkòrí gbàràmù-gbaramu, "Ipa rédíò Yorùbá lórí ìwà àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà", ó sì jẹ́ pé ìwọ̀nba ètò tó gbọ́ nìkan ló fẹ́ fi dáhùn rẹ̀. Alámòójútó, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí ìwádìí náà, á ní kó lọ gé e kúrú, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tó bá ti ẹnu iṣẹ́ wá ni ọ̀rọ̀ tíọ́rì. "Kí ni tíọ́rì rẹ?" ni gbogbo ìgbìmọ̀ máa ń béèrè, àwọn kan sì gbà pé ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá tí wọ́n kàn fi ń kún orí kejì ìwé ni. Àlàyé ni tíọ́rì, àlàyé nípa ìdí tí nǹkan fi ń rí bó ṣe ń rí, tí a lè gbé lọ dán wò níbòmíràn. Agenda-setting tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ọ̀kan. Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló ní in. Frank Ugboajah, tó jẹ́ olùkọ́ ní UNILAG, ló mú ọ̀rọ̀ nípa oramedia wá: pé àṣìṣe ńlá ni kí a máa ka rédíò àti ìwé ìròyìn nìkan sí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tó jẹ́ pé ìlù, orin, àrokò, ìkéde láti ààfin àti ọ̀rọ̀ tó ń tan ká ní ọjà ti ń gbé ìròyìn kiri tipẹ́tipẹ́, tí àwọn èèyàn sì ń gbà wọ́n gbọ́ torí pé wọ́n mọ ẹni tó ń sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìròyìn ìlera láti ẹnu ìyálọ́jà fi ń wọlé ju èyí tí ìjọba gbé sórí tẹlifíṣọ̀n lọ, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í yà síbẹ̀, wọ́n á fò ó lọ bá ohun tí wọ́n kọ fún ìlú tí ìgbé ayé rẹ̀ kò jọ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa orúkọ àwọn oyè náà, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

PGD (Postgraduate Diploma) kì í ṣe másítà. Afárá ni, ó sì sábà máa ń gba ọdún kan. Ẹni tó gba HND ní MAPOLY l'Abẹ́òkúta tàbí ní Pólì Ìbàdàn kò lè wọ másítà tààrà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, PGD ni wọ́n á ní kó kọ́kọ́ ṣe. Bákan náà ni ẹni tó kàwé gboyè nínú nǹkan mìíràn pátápátá, bí ìmọ̀ ìṣirò owó tàbí ẹ̀kọ́ nípa oko, tó wá fẹ́ yà sí ìmọ̀ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ HND yìí ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, mo sì rí ìdí tó fi ń bí wọn nínú, nítorí àwọn ọmọ pólì ló kún yàrá ìròyìn wa, iṣẹ́ wọn sì dán. Síbẹ̀, bí ìlànà ṣe wà nìyẹn títí di báyìí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á fi ọdún kan yẹn sínú ìṣirò rẹ̀.

Másítà fúnra rẹ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan ni ti ìwádìí, tí wọ́n ń pè ní MA tàbí MSc, tí èèyàn á jókòó kàwé fún bíi sáà méjì, á wá kọ àpilẹ̀kọ ìwádìí tirẹ̀, á sì dúró níwájú àwọn olùdánwò láti gbèjà rẹ̀. Èkejì ni ti àwọn òṣìṣẹ́. Alẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀ ni kíláàsì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, owó rẹ̀ máa ń ga, ohun tí èèyàn lè lò lẹ́nu iṣẹ́ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní UI, MA wà lọ́tọ̀, Master of Communication Arts tó jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ náà wà lọ́tọ̀. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ibi tí ẹkún ti ń wá ni pé lọ́pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, másítà ti àwọn òṣìṣẹ́ kì í ṣílẹ̀kùn PhD fún èèyàn. Ẹni tó ń gbèrò láti di olùkọ́ ní yunifásítì lọ́jọ́ iwájú, tó wá yan èyí torí pé òpin ọ̀sẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, lè padà bẹ̀rẹ̀ másítà mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ìwádìí náà ní ìlà tirẹ̀: ó ní ìwọ̀n máàkì tí iléèwé là sílẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ dé kó tó kọjá sí PhD, ẹni tí kò bá sì dé ibẹ̀ lè jẹ́ pé MPhil, oyè tó wà láàárín másítà àti PhD, ni wọ́n á ní kó gbà kọjá.

Ìdàrúdàpọ̀ mìíràn tún ti wọlé láìpẹ́. NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú Mass Communication palẹ̀, kí Journalism and Media Studies dá dúró, kí Public Relations dá dúró, kí Advertising, Broadcasting, Film and Multimedia àti Development Communication náà ní ẹsẹ̀ tiwọn. Àwọn yunifásítì kan ti sọ ẹ̀ka wọn di odindi fákọ́tì, àwọn mìíràn ṣì wà lórí ti àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́ọ̀mù méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀, ó lè jẹ́ ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ nínú wọn. Orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n tò sábẹ́ sáà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò, ẹ má wo orúkọ tó wà lókè nìkan.

Ẹni tó jẹ́ pé ohùn, kámẹ́rà àti ètò gbígbé kalẹ̀ nìkan ló ń wá, mo máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un: másítà kọ́ ni ọ̀nà tó yá jù. Iléèwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ FRCN (Rédíò Nàìjíríà) wà ní Ṣógúnlẹ̀ l'Ékòó, iléèwé tẹlifíṣọ̀n ti NTA wà ní Jos, Nigerian Institute of Journalism wà ní Ògbà. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ èèyàn sídìí ẹ̀rọ nìwọ̀nyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni másítà kò lè dípò ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́: òfin ní kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ PR forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NIPR, ẹgbẹ́ wọn, àwọn onípolówó ọjà sì wà lábẹ́ àjọ ARCON láti 2022 tí òfin tuntun ti fi í rọ́pò APCON. Ẹni tó yẹ kó lọ ṣe másítà ìwádìí ni ẹni tó fẹ́ kọ́ni, ẹni tó fẹ́ máa ṣe ìwádìí fún ilé iṣẹ́ tàbí àjọ tó ń polongo ìlera, àti akọ̀ròyìn tí ìbéèrè kan ti ń jẹ lọ́kàn tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò jẹ́ kó ráyè dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tó máa ń gbà, ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe rí. Lórí ìwé, oṣù méjìdínlógún tàbí ọdún méjì ni. Àmọ́ ní 2022, ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá, akẹ́kọ̀ọ́ másítà tó ń retí kí alámòójútó ka orí kẹta fún un kò ní ibòmíràn tó máa lọ. Ohun tó tún máa ń fa ìdádúró, tí kò kan ASUU, ni ìwé tí alámòójútó kò tètè kà àti iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi sílẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, oṣù méjìlá gbáko ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀gọ́sàn-án kírédíìtì, 180, ni gbogbo rẹ̀, àpilẹ̀kọ sì sábà máa ń kó 60 nínú rẹ̀. Leicester, tó ti ní ilé ìwádìí ìbánisọ̀rọ̀ láti 1966, àti LSE (London School of Economics), tó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2003, wà lára àwọn tí orúkọ wọn rinlẹ̀. Àmọ́ láti oṣù Kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ másítà oní-kíláàsì (taught master's) kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Chevening, tí ìjọba Ìlú Ọba ń fún èèyàn, máa ń san gbogbo owó náà, wákàtí 2,800 iṣẹ́, bí ọdún méjì, ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀ròyìn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sábà máa ń ní wákàtí yẹn láì mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ohun tó yẹ ká wá ni assistantship: yunifásítì á gba èèyàn láti máa ran olùkọ́ lọ́wọ́, wọ́n á yọ owó iléèwé kúrò lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á tún máa san owó díẹ̀ fún un lóṣù. Ó wọ́pọ̀ fún PhD ju másítà lọ, másítà ti akọ̀ròyìn tó kúrú, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, kì í sábà ní in.

Ibikíbi tó wù kí ẹ lọ, transcript, ìwé tó to gbogbo máàkì yín, ni kí ẹ kọ́kọ́ lépa, kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Iléèwé àtijọ́ yín ló máa fi ránṣẹ́ tààrà sí iléèwé tuntun, ẹ kò lè gbé e lọ́wọ́, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ lé e. Ẹ wá kọ lẹ́tà kúkúrú sí olórí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé másítà yìí lè gbé mi dé PhD níbí? Ṣé àpilẹ̀kọ wà nínú rẹ̀? Ta ni nínú àwọn olùkọ́ yín ló ń ṣiṣẹ́ lórí irú ohun tí mo fẹ́ wádìí? Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ wádìí náà sí i ní gbólóhùn méjì. Bí ẹ kò bá tíì lè kọ gbólóhùn méjì yẹn, ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù dúró di ọdún tó ń bọ̀.